Ohùn Tí Ó Wà Ní Àjà Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúnṣe Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Àtijọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Atosin, Ìdànrè)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó jẹ mọ́ àṣà ilẹ̀ wa, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ yín máa retí ọ̀rọ̀ lórí aṣọ wíwọ̀, tàbí lórí orúkọ ọmọ, tàbí lórí ìkíni tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kà sí mọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, a sì ti gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ wọ́n jù wá lọ. Ohun tí àwa gbé wá ni ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àtijọ́, irú èyí tí ó ní kẹ̀kẹ́ méjì lórí, tí okùn téèpù ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì. Ọ̀rọ̀ wa kò ju èyí lọ: ohùn àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ti kú wà nínú téèpù ní àjà ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, téèpù wọ̀nyí ń bàjẹ́ lọ, ẹ̀rọ tí ó lè mú wọn sọ̀rọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù ṣeé tún ṣe, bí a bá fi sùúrù àti ìmọ̀ ṣe é.

A ó kọ́kọ́ sọ irú ohun tí téèpù í ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé a gé ohùn sí i lára gẹ́gẹ́ bí a ti í gé e sí ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn téèpù jẹ́ ọ̀já pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, a sì fi àtè lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ ojú rẹ̀ kan. Ìyẹ̀fun yìí kò jìnnà sí dípẹtà tí ẹ ń rí lára àdá tí a gbàgbé sí oko ní ìgbà òjò. Bí ohùn ènìyàn bá wọ inú ẹ̀rọ, ó di iná mànàmáná. Iná náà lọ sí orí ẹ̀rọ, èyí tí í ṣe òòfà kékeré kan. Bí téèpù bá sì ti ń kọjá níwájú orí yìí, òòfà náà ń fi agbára rẹ̀ sàmì sí ìyẹ̀fun irin náà lára. Nígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ohun tí a gbà, òdì kejì iṣẹ́ kan náà ni. Ará Denmark kan, Valdemar Poulsen, ni ó kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀ lọ́nà báyìí ní ọdún 1898, ṣùgbọ́n wáyà irin ni ó lò. Fritz Pfleumer ní Jámánì ni ó lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ pépà ní ọdún 1928, nígbà tí ó sì di ọdún 1935, ilé iṣẹ́ AEG gbé ẹ̀rọ Magnetophon jáde fún aráyé rí ní Berlin. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jack Mullin kó méjì nínú rẹ̀ lọ sí ilé, kò sì pẹ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi tàn dé ilẹ̀ wa.

Dídé rẹ̀ yí nǹkan padà. Kí ó tó dé, olórin ni í tọ ẹ̀rọ lọ. Ní London ni Alùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní ọdún 1922. Nígbà tí téèpù dé, ẹ̀rọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ olórin lọ ní ilé rẹ̀. Ní ọdún 1951, Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom gba ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́nu ọlọ́ọ̀ṣà kan tí ń jẹ́ Sàlàkọ́. Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde kò tẹ ọwọ́ àwọn tí ń kàwé títí di ọdún 1980. Ní ọdún 1963 ní Ìbàdàn, Okabou Ojobolo sọ ìtàn Ozidi ti àwọn Ìjọ fún òru méje, J. P. Clark sì gbà á sí téèpù. Ọdún 1977 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn ọdún tí ó wà láàárín. Ọdún 29 fún ti àkọ́kọ́, ọdún 14 fún ti èkejì. Ìwé kò lè sáré tó ẹnu, ṣùgbọ́n téèpù lè dúró de ìwé, bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Ní tiwa ní Ìdànrè ńkọ́? Gbogbo wa mọ̀ pé orí òkè ni ìlú wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àti pé ní nǹkan bí ọdún 1923 ni àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn àlejò sì ń gun àtẹ̀gùn lọ wò wọ́n. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Òkúta kò ní lọ sí ibì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọmọ tí a bí lórí òkè ní ọdún 1910 ti tó ọmọ ọdún 13 nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Ó mọ ọ̀nà odò, ó mọ ilé ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ta ni, ó sì mọ orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1970, ó di ẹni 60 ọdún, ẹnu rẹ̀ ṣì mú, ìrántí rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Ọdún wọ̀nyẹn náà ni owó kòkó mú kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ ilé olùkọ́, ilé alùfáà àti ilé oníṣòwò. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ohùn irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, inú téèpù oníkẹ̀kẹ́ ni ó wà. Lónìí, kò sí ẹni tí a lè lọ bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ wá láti ilé olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìntì kí ó tó kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń kó àjà ilé, wọ́n sì ti fẹ́ gbé e fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rí, rántí pé a máa ń sọ̀rọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì. Téèpù méje ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú agolo bísíkíìtì. Ẹ̀rọ náà wúwo bí àpò gààrí, ẹ̀rọ oníná tí ó ń lo fáàfù onígò ni, a sì ṣe é ní Jámánì. Ilé agbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kúté ti jẹ nínú wáyà rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ ṣe ni kí wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ iná kí wọ́n wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Nínú ẹ̀rọ báyìí ni àwọn ohun kékeré wà tí a ń pè ní kapásítọ̀, tí í kó iná pamọ́ sí ikùn bí ìkòkò ti í kó omi. Bí wọ́n bá ti pẹ́ láìṣiṣẹ́, ara wọn á gbẹ, wọn a sì máa jo. Bí iná bá bá wọn lójijì, wọn a bẹ́, wọn a sì ba òmíràn tí kò ṣẹ̀ jẹ́ mọ́ ara wọn. Ohun kejì ni pé iná tí ó wà nínú ẹ̀rọ onífáàfù lè ju 200 fóòtì lọ, ó sì lè wà nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀ kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwa kò ṣe é fúnra wa. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí rédíò ti ń lo fáàfù ni a bẹ̀ lọ́wẹ̀, a sì jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. A fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ gbọ́ èyí dáadáa: ìmọ̀ tí bàbá yìí ní kò sí nínú ìwé kankan tí a ní ní ilé ìwé wa, ó sì ku díẹ̀ kí irú wọn tán pẹ̀lú. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ní, fóònù ni wọ́n ń tún ṣe.

Ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀ mọ́. Ó yẹ gbogbo wáyà tí ẹ̀kúté jẹ wò, ó sì pààrọ̀ wọn. Ó yọ àwọn kapásítọ̀ tí ó ti wú àti àwọn oníwèé tí ó ti gbó, ó fi òjé jó tuntun sí ipò wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó so gílóòbù kan mọ́ ojú ọ̀nà iná tí ń lọ sínú ẹ̀rọ, gílóòbù àtijọ́ tí ó ní wáyà nínú, kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ìdí rẹ̀ dùn mọ́ wa nínú púpọ̀: bí ohun búburú kan bá wà nínú ẹ̀rọ tí ń fa iná ní àfàjù, gílóòbù náà ni yóò gbà á, yóò tàn gidigidi, ẹ̀rọ kò sì ní jó. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, gílóòbù á tàn fìrí, á sì rẹlẹ̀. Tiwa tàn fìrí, ó rẹlẹ̀, àwọn fáàfù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹyín iná.

Rọ́bà ni ó fún wa ní wàhálà jù. Ooru ilẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ rọ́bà. Bẹ́líìtì inú rẹ̀ ti yọ́ di nǹkan bí ọ̀dà, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí ó kàn. Rọ́bà olóbìrí kékeré tí ń tẹ téèpù mọ́ ọ̀pá irin tí ń fà á ti le bí ekùrọ́. Òun sì ni ọkàn ẹ̀rọ náà, nítorí bí kò bá di téèpù mú dọ́gbadọ́gba, ohùn á máa gbọ̀n. A rí bẹ́líìtì rà láti òkè òkun. Rọ́bà olóbìrí náà ni a fi pépà yanrìn múlọ́múlọ́ họ ojú rẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ó ṣì rọ̀. Ọ̀rá àtijọ́ inú ihò ọ̀pá irin náà ti gbẹ di bí oje igi. Ó fọ̀ ọ́ kúrò, ó sì kán ẹ̀kán òróró máṣíìnì ìránṣọ kan ṣoṣo sí i. Ẹ̀kán kan ni o, kò gbọdọ̀ ta sí ara rọ́bà. Orí ẹ̀rọ ni ó fi òwú tí ó rẹ sínú ọtí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní isopropyl nù, títí òwú náà kò fi pọ́n mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ohun èlò kan yọ agbára òòfà tí ó ti kó sí orí náà lára, nítorí bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa pa ohùn tí ń kọjá níwájú rẹ̀ rẹ́.

Ó ku eré sísá rẹ̀. Íǹṣì méje ààbọ̀ ni ó yẹ kí téèpù sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí a bá yí i sí ipò tí ó yára. A mú téèpù òfìfo, a wọn íǹṣì 75, a fi ẹfun sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, a sì wo aago: ó yẹ kí ó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ iná wọlé. Iná ilẹ̀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ní ìgbà 60, ọ̀pọ̀ mọ́tò inú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ó sì ń tẹ̀lé iye ìgbà yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ ra ohun tí ń dín fóòtì kù sí i, yóò rí i pé ó ń falẹ̀: ọ̀rọ̀ wákàtí kan á di ìṣẹ́jú 72, ohùn obìnrin á sì wúwo ju bí Ọlọ́run ti dá a lọ. Jẹnẹrétọ̀ burú ju èyí lọ, nítorí a máa yára, a sì máa falẹ̀ nínú gbólóhùn kan náà. Ní èdè àwọn mìíràn, èyí jẹ́ àbùkù ohùn lásán. Ní èdè tiwa, tí òkè àti ilẹ̀ ohùn ń sọ ọ̀kọ̀ di ọkọ̀, ìtumọ̀ gan-an ni ó lè bàjẹ́. A dúró de òru tí iná ìjọba dúró déédéé.

Kí a tó fi téèpù kankan sí i, a ní kí bàbá náà já wáyà tí ń fún orí ìpaohùnrẹ́ àti ẹ̀rọ ìgbàsílẹ̀ ní agbára. Àwọn kan rò pé àṣejù ni. Ṣùgbọ́n téèpù oníkẹ̀kẹ́ kò ní ohun ìdáàbòbò kankan bí ti kásẹ́ẹ̀tì, tí a lè ṣẹ́ etí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan mìíràn lé e. Ìka kan tí ó ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì pupa, ohùn ẹni tí ó ti kú lọ láìpadà. A rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú téèpù kẹta. Ọkùnrin àgbà kan ń ka àwọn orúkọ tí ilẹ̀ oko ń jẹ́ láti ìsàlẹ̀ òkè lọ sí ìhà odò, ó ń ka wọn bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ó dé ìkẹsàn-án, ni orin ijó kan láti inú rédíò bá bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Títí téèpù fi tán, orin ni. Orin náà dùn, a kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo téèpù ni a lè gbé lé ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Téèpù àtijọ́ kan wà tí a fi acetate ṣe. Bí a bá gbé e sí iwájú iná, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá. Bí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra nìyẹn, ó sì lè já bí àkàsù gbígbẹ. Àwọn mìíràn tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990 ń mu omi inú afẹ́fẹ́, àtè wọn á yọ́, wọn á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun irin á sì máa họ kúrò pẹ̀lú ohùn tí ó wà lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ a máa fi ooru tí kò pọ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 50, yan irú èyí fún wákàtí púpọ̀ nínú ààrò tí ó ní ìwọ̀n, lẹ́yìn náà wọn a sì tètè dà á kọ kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Sísá sí oòrùn kọ́ ni èyí, yíyan nínú ààrò búrẹ́dì sì kọ́. Ti acetate ni a kò sì gbọdọ̀ yan rárá.

Nínú méje, mẹ́fà ni ó sọ̀rọ̀. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ti ìyá arúgbó kan. Olùkọ́ náà ń bi í ní ìbéèrè ní Yorùbá ìwé, bí a ti kọ́ wa ní ilé ìwé, ó sì ń dá a lóhùn ní Ìdànrè ògidì. Nígbà tí ó gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ kan sọ fún un ní ọ̀nà ìwé, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ bí ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àkùkọ sì kọ lẹ́yìn rẹ̀. A pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìdànrè kí wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ èyí tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ní kí a lọ bi àwọn ìyá àgbà wọn, ọ̀kan sì wà tí àwọn ìyá àgbà náà jiyàn lé lórí. Àwa tí a ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní Yorùbá ìwé, tí a sì ń fi í wàásù, jókòó, a dákẹ́. Ní ibì kan, bí ìyá náà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a máa ń gbọ́ gbólóhùn náà fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó tó ya ẹnu. Àwọn ọmọ ní iwin ni. Kì í ṣe iwin: bí téèpù bá pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, agbára òòfà ìpele kan a máa ràn mọ́ ìpele tí ó wà lórí rẹ̀.

A ti da gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà WAV tí kì í gé ohùn kúrù, a sì fi ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta tí ó jìnnà sí ara wọn. A sọ èyí nítorí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù gba ohùn àwọn bàbá àgbà yín. Ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá jí fóònù náà ńkọ́? Ní ọdún 2019 ni ètò kan lábẹ́ UNESCO àti àwọn olùtọ́jú ohùn àgbáyé kéde pé ní nǹkan bí ọdún 2025 ni yóò di ohun tí kò ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi láti gbọ́ ohun tí ó wà nínú téèpù, nítorí ẹ̀rọ, ẹ̀yà ara rẹ̀ àti àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń tán lọ. Ọdún náà ti dé.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ kí ó ṣe ohun mẹ́ta. Kí a yan ènìyàn tí yóò lọ láti ilé dé ilé ní Atosin, ní Aládé àti ní Òdòde, láti béèrè ẹ̀rọ àti téèpù, kí ó má ṣe gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí ó ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí a gbà fún àwọn ọ̀dọ́ méjì kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ bàbá tí a sọ, kí ẹgbẹ́ sì máa san owó ẹ̀kọ́ wọn nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tí ó bá ti bàjẹ́ pátápátá, ẹ má tà á fún onírin: rọ́bà rẹ̀, orí rẹ̀, tàbí mọ́tò rẹ̀ lè jí òmíràn dìde.

Téèpù keje ṣì wà nínú agolo rẹ̀. Ó ń rùn bí ọtí kíkan, ó sì ti ká jọ ní etí. Lára páálí rẹ̀ ni olùkọ́ náà fi gègé kọ ọ̀rọ̀ méjì sí: “Ìyá mi.” A kò tíì gbé e lé ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ẹni tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí ó jọ̀wọ́ bá wa sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ yìí.